Táyà Ẹrẹ̀ Tàbí Táyà Gbogbo Ọ̀nà?

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa ni a jìn sí kòtò lọ́tẹ̀ yìí, a kò sì gbọdọ̀ dákẹ́, nítorí púpọ̀ nínú yín ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ó ní ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí ń kó ẹrù oko wá sí ìlú.

Yàtọ̀ sí iṣẹ́ kátíkísì tí à ń ṣe, àwa ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, ti àwọn àgbẹ̀ oníresì ní ìhà Mokolókì, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ní. Òun ni ń gbé ìrẹsì Òfàdà lọ sí ọjà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta. Òun náà ni ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn bí ìrọbí bá mú un lóru.

Ní oṣù Keje ọdún tí ó kọjá, lẹ́yìn òjò ńlá kan, ọkọ̀ náà rì sínú ẹrẹ̀ ní àbátà etí odò Ògùn. Ibẹ̀ ni ó sùn mọ́jú, àpò ìrẹsì 11 sì bàjẹ́. Ojú tì wá gidigidi. Nígbà tí àkókò àtipààrọ̀ táyà dé, a kò fẹ́ gbọ́ orúkọ mìíràn ju táyà ẹrẹ̀ lọ. Awakọ̀ wa, ẹni tí a bí lọ́mọ, wí fún wa pẹ̀lú ìtẹríba pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a ra ti gbogbo ọ̀nà, ọ̀dà ni a ń tẹ̀ jù.” A dá a lóhùn pé kì í ṣe òun ni yóò dúró níwájú ìpàdé láti ro ẹjọ́ ìrẹsì tí ó bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a fi ọ̀rọ̀ àgbà pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ìyàtọ̀ méjèèjì. Táyà ẹrẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ M/T sí lára, ní kókó ńláńlá tí ó jìnnà sí ara wọn. Àwọn kókó náà ń wa ẹrẹ̀, bí táyà sì ti ń yí ni ó ń ju èyí tí ó há sí àárín wọn dànù. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà, ìwọ̀nba rọ́bà ni ó ń kan ilẹ̀. Nítorí náà kì í tètè dúró bí ọ̀dà bá tutù, ó ń pariwo, ó ń tètè gbó, ó sì ń mú kí ọkọ̀ jẹ epo. Táyà gbogbo ọ̀nà, tí í ṣe A/T, ní kókó tí ó súnmọ́ra, pẹ̀lú ìlà tín-ín-rín tí a là sí i lójú kí ó lè di ilẹ̀ tútù mú. Ó dára lórí ọ̀dà, lórí yangí àti òkúta wẹ́wẹ́, ó sì ń la ẹrẹ̀ níwọ̀nba kọjá. Àìlera rẹ̀ ni pé bí amọ̀ líle bá dí ojú rẹ̀, á dán, á sì máa yí lójú kan.

Ó sì ṣe, ní ọjọ́ kan ní oṣù Kẹsàn-án, a ń ti Ṣíún bọ̀ gba Kóbàpẹ́ wá sí Abẹ́òkúta, òjò sì ń rọ̀. Ọmọdébìnrin kan tí ó ru ọsàn sáré bọ́ sójú títì. Awakọ̀ wa kò sáré, ó sì tẹ bíréèkì lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń yọ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́ àṣẹ. Nígbà tí ó dúró, kò ju ìwọ̀n apá kan lọ láàárín imú ọkọ̀ àti ọmọ náà. Ọsàn fọ́n ká ojú ọ̀nà. Awakọ̀ wa kò sọ nǹkan kan sí wa. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń bá ọmọ náà ṣa ọsàn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ dùn wá ju ìbáwí lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a ṣe ohun tí ó yẹ kí akọ̀wé ti kọ́kọ́ ṣe: a ṣí ìwé ìrìn-àjò ọkọ̀ náà. Nínú ìrìn-àjò 26 tí ó rìn ní oṣù tí òjò pọ̀ jù lọ, 3 péré ni ó wọ ẹrẹ̀ jíjìn. Ọ̀dà àti yangí ni gbogbo ìyókù. Ìtìjú ọjọ́ kan ni a wò tí a fi ra táyà. A kò wo iṣẹ́ ojoojúmọ́.

A jẹ́wọ́ ní ìpàdé, a sì bẹ awakọ̀ wa lójú gbogbo ènìyàn. A ta táyà náà ní àdánù fún agégẹdú kan tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò nínú igbó; irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó tọ́ sí. A ra ti gbogbo ọ̀nà. Nítorí àbátà, a fi ṣọ́bìrì kan àti pákó méjì sẹ́yìn ọkọ̀, bí òjò ńlá bá sì rọ̀, a ń dúró kí ilẹ̀ fà díẹ̀. Ọ̀ràn aláboyún ni ó mú wa lọ́kàn jù. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe pinnu pé ní àkókò òjò, ẹ̀bá títì ni ọkọ̀ yóò máa sùn, kì í ṣe ìsàlẹ̀ àbátà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ ṣọ́ra. Ilé iṣẹ́ Michelin ní Port Harcourt ṣíwọ́ ní 2007, ti Dunlop ní Ìkẹjà sì ṣíwọ́ ní 2008. Láti ìgbà náà, òkèèrè ni púpọ̀ nínú táyà wa ti ń wá, òmíràn a sì ti pẹ́ nílé ìkẹ́rùsí. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019. Ẹ má ṣe da irú méjèèjì pọ̀ sára ọkọ̀ kan. Ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ bí a ti kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ka iye ọjọ́ tí ẹ ń tẹ ọ̀dà àti iye ọjọ́ tí ẹ ń tẹ ẹrẹ̀, kí ẹ sì bi ẹni tí ń wa ọkọ̀ léèrè kí ẹ tó bi ẹni tí ń ta táyà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.