Ìdí tí kapásítọ̀ rẹ fi ń wú

Mọ́níyà,
Akínyẹlé, Ìbàdàn.

Baba Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

   

O ní ampilifáyà àwọn tó ń háyà ohun èlò òde àríyá tún ti padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, orí kapásítọ̀ ńlá méjèèjì sì wú bí àkàrà. O wá ń bi mí bóyá kí o ra olówó gọbọi tí wọ́n ní ó ń mú ohùn dùn. Fi owó sápò ná, jàre. Fóòtì ni kí o kọ́kọ́ wò.

Tiransifọ́mà rẹ ń gbé 35V jáde. Tí dáyóòdù bá ti sọ ọ́ di DC, ó di bí 49V. Kapásítọ̀ 50V lo sì fi síbẹ̀! Jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ sáré jù lóru òde, kí 230V di 260V, 49 yẹn á di bí 55. Ṣé kò ní wú ni? 63V ni kí o rà.

Lẹ́yìn náà, wo ìwọ̀n ooru tí kapásítọ̀ náà lè gbà. 105°C ni kí o mú, má mú 85°C. Bí ooru bá fi dígíríì 10 dín, ọjọ́ ayé kapásítọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, gbé e jìnnà sí irin tó ń fa ooru lára tiransísítọ̀.

Ní ti àwọn ampilifáyà kéékèèké tó ní kapásítọ̀ lójú ọ̀nà sípíkà, ìwọ̀n rẹ̀ ló ń pinnu bẹ́ẹ̀sì. Fún sípíkà 8 ohm, 1000µF á jẹ́ kí ohùn sọ̀kalẹ̀ dé 20Hz. Tí o bá fi 100µF síbẹ̀, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 200Hz á máa rọ. Bẹ́ẹ̀, 41Hz ni okùn tó nípọn jù lára gìtá bẹ́ẹ̀sì. Àwọn oníjó á ní sípíkà ló bàjẹ́.

Lẹ́nu ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé, fíìmù pọliẹ́sítà 1µF tó. Kò sì wọ́n.

Tí o bá ń lọ ọjà, mú mítà tó ń wọn kapásítọ̀ dání. Àwọn kan ń wọ ògbólógbòó láṣọ tuntun. Kí o sì tó fọwọ́ kan ti inú ampilifáyà, yọ iná, so résísítọ̀ 1k tó nípọn mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú kan, kí iná inú rẹ̀ lè tán.

Gba owó iṣẹ́ rẹ pé o. Má jẹ́ kí oníháyà fi "Ọlọ́run á san án" lé ọ lọ́wọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàdí.