Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Adébájò

Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ní ọdún 1958 ni Israel Adébájò, oníṣòwò ohun ìkọ̀wé, dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores sílẹ̀ ní Èkó. Ìfẹ́ ẹgbẹ́ náà wọ tọmọdé tàgbà lára ní Mushin, Yaba àti Surulere, débi pé orúkọ Adébájò ni wọ́n fi ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Ní ọdún 1967 àti 1968, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Nàìjíríà léraléra.

Ikú mú Adébájò lọ ní ọdún 1969, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò bá a kú. Wọ́n tún gba ife náà ní 1982 àti 1990. Ní 1992, wọ́n gba ipò kìíní nínú ìdíje líìgì. Lẹ́yìn náà ni aáwọ̀ wọ inú ilé, ẹgbẹ́ alágbára náà sì rẹ̀yìn.

Títí di òní, àwọn àgbà a máa ròyìn ọjọ́ ogo wọnnì fún àwọn ọmọ tí kò bá wọn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kọ́gbọ́n: dídá ohun rere sílẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kíkọ́ ẹni tí yóò jogún rẹ̀ ṣe pàtàkì jù. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.