Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Tí Mo Rà Fún Àbúrò Mi

Èmi ni mo lọ ra ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà lọ́jà. Àbúrò mi ti fi ọmọ odó lu aládùúgbò wa ní Pákátá, Ìlọrin, jìnnìjìnnì sì bo gbogbo agbolé. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá rí i pé àrùn ọpọlọ ló ń bá a jà, wọ́n ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Mo fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà sínú àpò, mo tẹ̀ lé wọn.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó gbà wá kò béèrè bóyá àbúrò mi léwu. Ó ní: “Ṣé ó ti lu ènìyàn rí? Ìgbà wo ló lo oògùn gbẹ̀yìn? Ṣé ó ń mu igbó? Ta ni yóò máa bójú tó o nílé?” Lẹ́yìn náà ló yíjú sí i: “Kí ni ohùn tí o ń gbọ́ ń sọ fún ọ?” Àbúrò mi dáhùn pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun ti dá oògùn dúró, àti pé ohùn náà ní aládùúgbò wa fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ. Nílé wa, kò sí ẹni tó bi í rí.

Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní ètò. Nínú ìgbéléwọ̀n HCR-20, tí àwọn onímọ̀ ṣe ní Kánádà, ohun 20 ni wọ́n ń yẹ̀ wò: 10 jẹ́ ti àná, 5 ti òní, 5 ti ọ̀la. Ti àná ti di omi tó dànù. Ṣùgbọ́n a lè ṣiṣẹ́ lórí 10 tó kù: bí àìsàn náà ṣe rí, bóyá oògùn ń ràn án lọ́wọ́, ibi tó ń gbé, àti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ewu ní ìgbà, ó sì ní àmì.

Ọ̀pọ̀ jù lọ alárùn ọpọlọ kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Síbẹ̀, ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch ròyìn bí a ṣe ń fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tó rọ́pò ti ọdún 1958. Ẹni tí a dè mọ́lẹ̀ kì í sọ ohun tó ń gbọ́ fún ẹni tó dè é.

Lónìí, ìyá wa ló ń fún un lóògùn lálaalẹ́. Bí kò bá sùn fún òru méjì, a ó pe nọ́ọ̀sì. Ọmọ odó wà nínú yàrá tí a ń tì. Aládùúgbò wa ṣì ń pa ilẹ̀kùn dé bí àbúrò mi bá ń kọjá. N kò bá a wí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà lábẹ́ ibùsùn mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò bá dè mí lóòótọ́?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní kí n gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ.