Irin tín-ín-rín tó ń ṣọ́ gáàsì

Ẹ̀yin tèmi, ẹ sún mọ́bí, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Ṣé ẹ mọ irin tín-ín-rín kan tó máa ń yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná nínú oven gáàsì? Thermocouple lorúkọ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ti ń fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ láì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Wáyà méjì tí irin wọn ò jọra ni wọ́n jó pọ̀ lórí. Tí orí yẹn bá gbóná, tí ìdí wáyà méjèèjì sì wà níbi tó tutù, iná mànàmáná máa yọ níbẹ̀ fúnra ẹ̀. Kò sí bátìrì, kò sí NEPA. Bí orí bá ṣe gbóná ju ìdí lọ tó, bẹ́ẹ̀ náà niná yẹn ṣe máa pọ̀ tó.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé: ìyàtọ̀ tó wà láàárín orí àti ìdí ló ń wọ̀n o. Torí ẹ̀ ni mítà tí wọ́n so mọ́ ọn fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ọ̀dọ̀ òun fúnra ẹ̀ ṣe gbóná tó, kó wá ṣírò ẹ̀ mọ́ ọn. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, irọ́ tó máa pa nígbà ọyẹ́ máa yàtọ̀ sí tìgbà oòrùn 😂

Thomas Seebeck ló ṣàkíyèsí ẹ̀ ní 1821. Ó so irin méjì pọ̀, ó mú ojú ìsopọ̀ kan gbóná, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà nítòsí bá yí. Bàbá náà rò pé ọ̀rọ̀ òòfà lásán ni. Ørsted ará Denmark ló là á yé wọn pé iná mànàmáná ni.

Èyí tó wọ́pọ̀ níléeṣẹ́ ni Type K: chromel ni wáyà kan, alumel nìkejì. Ó lè wọn ooru tó tó 1,200 degree Celsius, àmọ́ iná tó ń mú wá kéré gan-an, bíi 41 microvolt fún degree kan. Tẹ́ ẹ bá pín volt kan sọ́nà mílíọ̀nù, 41 nínú ẹ̀ nìyẹn.

Nínú oven, iná kékeré bẹ́ẹ̀ ló ń fún òòfà kan lágbára láti di ọ̀nà gáàsì mú ní ṣíṣí. Tí atẹ́gùn bá paná, orí ẹ̀ á tutù, òòfà á jọ̀wọ́, sípíríǹgì á ti ọ̀nà náà pa. Ìdí tẹ́ ẹ fi ń tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣáná sí i nìyẹn: ẹ ń dúró kórí ẹ̀ gbóná.

Oven tí màmá mi fi ń ṣe kéèkì tà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti jọ̀wọ́ bọ́tìnì. Kéèkì ìgbéyàwó Sátidé sì wà nílẹ̀. Ẹni tó wá tún un ṣe ní, "Mọ́mì, nǹkan yìí ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ n yọ ọ́ dànù, kí n ṣí ọ̀nà ẹ̀ sílẹ̀ pátápátá."

Mo ní rárá. Tí atẹ́gùn bá paná nígbà tá a wà ní pálọ̀, gáàsì á kàn máa tú síta ni, títí ẹnì kan á fi wá ṣáná. Màmá mi ní ìgbà wo ni mo di ẹnjiníà, ṣebí Mass Comm ni mo kà 😭

A fi sáńpépà nu èéfín orí ẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó tún kú. Tuntun la rà lọ́jọ́ kejì. Kéèkì jáde, ọjọ́ pé. Màmá mi ṣì ń kùn sí bọ́tìnì yẹn pé ó ń fi àkókò òun ṣòfò.

Tí tiyín náà bá ń kú bẹ́ẹ̀, ẹ wá èyí tó bá oven yín mu lọ́jà. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yọ ọ́ dànù o.