Ata Penja, Gààrí Ìjẹ̀bú

Edé ló sọ Kamẹrúùnù lórúkọ. Àwọn Potogí ayé àtijọ́ bá edé rẹpẹtẹ lẹ́nu odò Wouri, wọ́n sì pè é ní Rio dos Camarões, odò edé. Etí odò náà ni Douala wà, ibẹ̀ la ti jẹ ewúro tí kò korò.

Ndolé ni wọ́n ń pè é. Ewúro ilé wa náà ni, àmọ́ wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ títí, kí wọ́n tó fi ẹ̀pà lílọ̀, edé àti ẹran sè é. Àwọn ọmọ wa tó máa ń sá fún ewúro nílé tún bèèrè fún òmíràn. Miondo la fi jẹ ẹ́: pákí tí wọ́n rẹ bíi ti fùfú, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi ewé pọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n wá sè. A ò ní purọ́, ẹ̀kọ dùn mọ́ wa lẹ́nu jù ú lọ.

Ata ló gbà wá lọ́kàn jù. Penja wà lójú ọ̀nà Douala sí Nkongsamba, lórí ilẹ̀ òkè ayọnáyèéfín. Ìtàkùn kan náà ló ń so ata dúdú àti funfun, ìbátan ìyèré wa sì ni. Èyí tí wọ́n ká ní tútù tí wọ́n sá á di dúdú. Èyí tó pọ́n, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, a di funfun. Lọ́dún 2013, OAPI, àjọ tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yaoundé, fi òfin dáàbò bo orúkọ náà. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe tiwọn ní 2022. Ata tí kò bá ti àgbègbè Penja wá kò gbọdọ̀ jẹ́ Penja.

Òfin nìyẹn o. Lọ́jà, ẹnìkan búra fún wa pé Penja gidi ni tòun, a sì sanwó Penja. Ìyá tó gbà wá sílé gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ gbé tiwọn wá. Nígbà tí wọ́n ṣí ìgò, a sín.

Ìyá wa ń yan gààrí ní Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń jẹ́ kí pákí kan dáadáa, síbẹ̀ àwọn oníbàárà á ní, "Màmá, Ìjẹ̀bú tó wà níta ò wọ́n tó báyìí." Gbogbo gààrí tó bá ṣáà ti kan ni wọ́n ń pè ní Ìjẹ̀bú níta. Nàìjíríà ò sì sí nínú OAPI.

A pè wọ́n lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, a ròyìn ata fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Èló ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀ níbẹ̀?"