Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí N Ra Ìbọn Kejì?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó bá wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kò sí ohun tí ó burú nínú kí ẹni tí ó ní ìbọn kan tún ra òmíràn. Síbẹ̀, oṣù mẹ́ta gbáko ni ọ̀rọ̀ ìbọn kejì fi dà mí láàmú, n kò sì rí ẹni tí mo lè bá jíròrò rẹ̀ ní èdè tí ó yé mi jù. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa yìí. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu mi.

Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo ń gbé, ní apá ibi tí òkè àti igbó pọ̀ sí. Ọmọ ọdẹ ni mí. Ní ìlú wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ṣakabùlà kan ṣoṣo ni bàbá mi fi ṣe ọdẹ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú títí ọlọ́jọ́ fi dé. Òun ni ó fi pa ẹtu, òun ni ó fi pa ìgalà, òun náà ni àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ yìn sókè ní ọjọ́ tí a sin ín. N kò gbọ́ ọ rí kí bàbá mi sọ pé ìbọn kan kò tó òun. Ohun tí ó máa ń kùn sí ni pé ẹtù ti wọ́n, tàbí pé òjò ti ba ẹtù jẹ́.

Ìbọn tí èmi ní yàtọ̀ sí ti bàbá mi. Ẹni tí ó bá ti wo sinimá àwọn kaboi rí yóò mọ irú rẹ̀. Irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó tẹ̀ kọrọdọ bí etí ife; inú ibẹ̀ ni ìka ọwọ́ ọ̀tún ń wọ̀. Bí a bá ti irin náà sílẹ̀ lọ síwájú, èèpo ọta tí a ti yìn yóò fò jáde. Bí a bá sì fà á padà sókè, ọta tuntun yóò wọlé. Nígbà náà, irin kékeré tí ń gbá ìdí ọta, èyí tí n ó máa pè ní òòlù ìbọn, yóò ti nà sẹ́yìn, yóò máa dúró de ìka. Àwọn ọta tí ó kù wà nínú ọ̀pá kejì lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, imú ọ̀kan kan ìdí èkejì. Nítorí èyí ni imú ọta irú ìbọn yìí fi máa ń rí pẹrẹsẹ. Bí ó bá jẹ́ irin ṣóńṣó ni, tí ìbọn sì gbọ̀n rìrì, imú ọ̀kan lè gún ìdí èkejì, kí ó sì bú gbàmù mọ́ ọlọ́dẹ lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn kí n máa ṣàlàyé èyí fún ènìyàn, nítorí ó jẹ́ ohun tí ojú lásán kò lè rí.

Marlin 336 ni orúkọ tèmi. Ọdún 1948 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, àlòkù sì ni mo rà á ní ọdún 11 sẹ́yìn. Ọta tí a ń pè ní .30-30 ni ó ń jẹ, ọta tí ó ti wà lórí àtẹ láti 1895. Òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà kí a fi ìbọn tí ń kó ọta sẹ́nu fúnra rẹ̀ pa àgbọ̀nrín, nítorí náà irú ìbọn mi yìí kì í ṣe ohun àgbà tí a fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé lásán. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ni ó ṣì ń gbé e wọ igbó. Àgbọ̀nrín méje ni mo ti fi pa. (Àgbọ̀nrín ni mo ń pe ẹran náà o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrù rẹ̀ funfun nísàlẹ̀, tí ìwo akọ rẹ̀ sì pẹ̀ka bí igi. Bàbá mi ìbá wò ó títí kí ó tó gbà pé ẹran jíjẹ ni.)

Nígbà tí ó di oṣù kan báyìí, aládùúgbò mi kan pè mí sí ilé rẹ̀. Àgbàlagbà òyìnbó ni, ẹni ọdún 81. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò sì lè gun òkè mọ́. Ó gbé ìbọn kan jáde láti inú àpótí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìjẹun. Winchester 94 ni. John Browning ni ó ya àwòrán irú ìbọn náà, ọdún 1894 ni ó sì ti gba orúkọ. Èyí tí ó wà níwájú mi ti jáde kí ó tó di 1964, ọdún tí ilé iṣẹ́ náà yí ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe ìbọn padà. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ó mọyì ìbọn ti ń wá àwọn ti àtijọ́ kiri. Ilé iṣẹ́ náà tí ó wà ní New Haven pa ilẹ̀kùn dé ní 2006, ilẹ̀ Japan ni a sì ti ń ṣe àwọn tí ń jẹ́ orúkọ yẹn lónìí.

Bàbá náà ní ọmọ mẹ́ta ni òun bí, kò sì sí èyí tí ó ń wọ igbó nínú wọn. Ó ní òun kò fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹni tí òun kò mọ̀ wá rà á. 800 dọ́là ni ó pè é. Kò fi ọ̀rọ̀ náà kánjú. Ó kàn ní, "Lọ rò ó wò."

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ọmọ Yorùbá ni ó lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Bí àgbàlagbà bá pe ènìyàn yàtọ̀ sí àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó fi ohun tí ó ti bá a gbé ìgbésí ayé lọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ọjà.

Ní ilẹ̀ wa, òfin ìbọn ti 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó ń fẹ́ èyí tí ó ju ṣakabùlà lọ yóò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Ní Pennsylvania, bí ará ìpínlẹ̀ náà kan bá fẹ́ ta ìbọn ọdẹ ọlọ́pàá gígùn fún ẹnìkejì rẹ̀ tí òfin kò kà léèwọ̀ fún, wọ́n lè parí rẹ̀ sórí tábìlì. Kò sí ẹni tí yóò dí mi lọ́wọ́. Nítorí náà, ó di dandan kí n bi ara mi léèrè.

Kí ni ìbọn kejì yóò ṣe tí ti àkọ́kọ́ kò lè ṣe? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, n kò rí i. Ọta kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ọ̀nà kan náà ni ọta wọn ń lọ, nínú igbó tiwa sì rèé, ekukáká ni ojú fi ń rí ẹran tí ó ju ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ. Àní, tèmi tilẹ̀ fi ohun kan dára jù ú lọ: ẹ̀gbẹ́ ni èèpo ọta rẹ̀ ń gbà jáde, orí rẹ̀ sì dí, nítorí náà mo lè gbé awò awọ̀nàjíjìn lé e lórí. Òkè ni ti Winchester àtijọ́ ń fò gbà. Awò kò lè jókòó síbẹ̀. Ẹni tí ó ti pé ọdún 54 kò gbọdọ̀ fi ojú ṣeré.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ìbọn náà wù mí. Ó fẹ́ẹ́rẹ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín débi pé ọwọ́ kan ṣoṣo gbá a mú, tí kò sì tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Igi ìdí rẹ̀ ti dán níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá yẹn ti fara kàn án fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo mọ ọkùnrin kan ní ìlú tí mò ń gbé tí ó ní ìbọn 14, tí ó ń tò wọ́n bí ẹni ń to agbádá sínú àpótí. Méjì péré ni mo rí i kí ó gbé jáde rí. N kò bú u. Owó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ń tò lásán kò jẹ́ irin iṣẹ́ mọ́, Ògún kò sì ní ohun tí yóò bá wa ṣe níbẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìyàwó mi. Ó jẹ́ kí n ka gbogbo ìtàn John Browning tán. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Olówó orí mi, èjìká mélòó ni ẹ ní?"

N kò rí èsì fọ̀. Ó tún rán mi létí pé atẹ́gùn ti ṣí páànù apá kan ilé ìyá mi ní Ìgbómìnà, àti pé 800 dọ́là lé ní mílíọ̀nù kan náírà.

Mo wá dáhùn pé èjìká kejì wà nínú ilé. Ọmọbìnrin wa pé ọdún 13. Ó ti ṣe ẹ̀kọ́ tí òfin ní kí gbogbo ọdẹ tuntun ṣe, ó sì yege. Láti ọmọ ọdún 12 ni wọ́n ti lè gba ìwé àṣẹ ọdẹ tiwọn níbẹ̀, kí wọ́n sì wọ igbó, bí òbí tàbí àgbà ẹbí bá wà nítòsí wọn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún mi pé, "Dádì, mo fẹ́ bá yín lọ." Kò sí ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ ní ọdún náà.

Bí ó bá jẹ́ nítorí ọmọ ni, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Winchester àtijọ́ kò ní bọ́tìnì tí ń ti ìbọn pa. Òòlù rẹ̀ nìkan ni ààbò tí ó ní: a óò fi àtàǹpàkò gbé e dúró ní agbede-méjì. Nínú òtútù ìparí oṣù kọkànlá, nígbà tí ìka bá ti kú tán nínú ìbọ̀wọ́, àtàǹpàkò ọmọdé lè yọ̀ kúrò lórí òòlù. Tèmi ní bọ́tìnì náà ní àfikún. Ó lẹ́tù, kò lẹ́tù, ẹnìkan kì í jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní fi èyí tí ó le jù lé ọmọ mi lọ́wọ́. A jẹ́ pé Marlin ni ọmọ yóò gbé, èmi ni n ó sì gbé Winchester. Ìbọn tuntun náà, tèmi ni. Nígbà tí mo dé ibi yìí, mo dẹ́kun fífi orúkọ ọmọ rojọ́.

Mo wá rántí bí èmi ṣe kọ́ ọdẹ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé àpò tẹ̀lé bàbá mi kí ó tó jẹ́ kí n yìn ìbọn. Èmi ni mò ń bójú tó àtùpà kábáàdì. Nítorí pé ìbọn kò sí lọ́wọ́ mi, etí ni mo ń lò. Mo mọ ìgbà tí atẹ́gùn yí padà. Mo mọ ẹsẹ̀ ẹran tí ó kọjá ní òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ti àná. Bí bàbá mi bá tọ́ka, mo ti rí i. Ká ní ìbọn méjì ni a gbé wọ igbó nígbà náà, ẹran tèmi ni ǹ bá máa wá kiri, ojú mi kì bá sí lára tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà yanjú síbẹ̀. Ní ọdún yìí, ìbọn kan ni yóò wọ igbó. Láti 2019 ni ọdẹ àgbọ̀nrín oníbọn ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé ọjọ́ ìdúpẹ́ wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àwa méjèèjì yóò wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí òfin pa láṣẹ. Ọmọ ni yóò gbé Marlin. Èmi ni n ó gbé okùn, ọ̀bẹ, àti omi, n ó sì jókòó tì í. Bí ọkàn rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí òtútù bá ti jẹ ẹ́ níyà fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ ìbọn kejì yóò tún di ọ̀rọ̀. Mo ti fi 800 dọ́là ránṣẹ́ sí ilé. Wọ́n ní káfíńtà ti gun òkè ilé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi kan, mo lọ rí bàbá aládùúgbò mi, mo sì sọ fún un bí ó ṣe rí. Mo rò pé yóò bínú. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí léèrè ọwọ́ wo ni ọmọ náà fi ń kọ̀wé. Mo ní ọwọ́ òsì. Ó gbé Winchester náà jáde, ó yí i padà sí ìhà kejì, ó ní kí n wò ó: nítorí pé òkè ni èèpo ọta rẹ̀ ń gbà jáde, kò ní fò kọjá níwájú ojú ọlọ́wọ́ òsì. Lẹ́yìn náà ni ó fi òróró nù ún láti ẹnu dé ìdí, ó sì dá a padà sínú àpótí.