Níbo Ni Igi Ń Kó Ẹ̀gbin Rẹ̀ Sí?

Ní Ìwáyà tí mò ń gbé, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí kì í tán lẹ́nu wa. Bí òjò bá rọ̀, gọ́tà á kún, omi á sì gbé pàǹtí wá sẹ́nu ọ̀nà. Bóyá ìdí nìyí tí mo fi máa ń ronú nípa igi fúrúùtù àdúgbò wa. Igi ń jẹ, ó ń mu, ó sì ń mí, ṣùgbọ́n kò ní kíndìnrín, kò ní ìfun. Níbo ló wá ń kó ẹ̀gbin rẹ̀ sí?

Díẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí oòrùn bá ń ràn, ewé a máa tú ọ́síjìn tí kò nílò jáde láti ojú ihò tíntìntín. Òun la sì ń mí símú. Èyí tí kò lè bá afẹ́fẹ́ lọ, igi á tì í mọ́ ibi tí kò ti ní pa á lára: inú ewé, inú èèpo, inú oje, tàbí àárín ìtì tó ti kú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ewé fúrúùtù tó pupa tí yóò sì wọ̀, igi á kọ́kọ́ fa ohun tó wúlò padà sára, ewé á sì ru ìyókù lọ.

Ti ìrókò tún yàtọ̀. Òkúta lè wà nínú ìtì rẹ̀, èyí tó lè ṣẹ́ eyín ayùn mọ́ àwọn alápákó lọ́wọ́. Igi náà ló kó èròjà kan tí à ń pè ní calcium oxalate jọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí sì sọ ọ́ di ohun kan náà tí ìkarahun ìgbín jẹ́. Calcium oxalate yìí náà ló wà nínú kókò bí abẹ́rẹ́ tí ojú kò lè rí, tó ń yún ni lọ́fun bí kókò kò bá jinná. Ohun tí igi kó pamọ́ tún di ohun ìjà rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ìsọ̀ ẹ̀fọ́. Bí òjé tàbí cadmium bá wà nínú ilẹ̀ etí gọ́tà tí a gbin tẹ̀tẹ̀ sí, gbòǹgbò rẹ̀ á fà á mu, á sì kó díẹ̀ sínú ewé. Bí a bá fọ ẹ̀fọ́ náà, eruku ara rẹ̀ ni yóò lọ. Èyí tó wà nínú rẹ̀ kò ní lọ, iná kò sì lè jó o dànù. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Nítorí náà, mo máa ń bi ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, oko ibo ni èyí ti wá?” Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn á ṣàlàyé. Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn lè bu ilẹ̀ tó mọ́ sínú àpò ìrẹsì, kí ó gbin tẹ̀tẹ̀ sí i, kí ó sì máa fi omi tó mọ́ wọ́n ọn.